Ta Ló Ni Sùúrù Yìí?

Aládùúgbò mi kan ní Dundaye, ní Wamakko nítòsí Sókótó, obìnrin Hausa tí ògiri kan ṣoṣo ya ilé tiwa àti tiwọn, ló yìn mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Hajiya, ẹ ti wá ní sùúrù o." Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá gbá bọ́ọ̀lù lu géètì wa, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ ohùn mi. Ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má gba ìwà náà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe àmín, mo wọlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ ibi tí sùúrù ọ̀hún ti wá. Inú páálí kékeré kan lórí fíríìjì ló wà, oògùn oníhóró tí mò ń lò láràárọ̀.

Àrùn táírọ́ìdì ni mo ní. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, tó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Tèmi ń tú u jù. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́ kí àyà mi máa lù kìkì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń jẹun mo sì ń rù, oorun kò kùn mí, ooru sì ń mú mi. Ooru yìí ló tan gbogbo wa jẹ. Ní Wamakko, lóṣù kẹrin, tí ooru máa ń kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, ta ni ooru kì í mú? Bí mo bá ké gbàjarè, wọn á ní kí n gbé ẹní jáde sí àgbàlá bíi gbogbo ayé. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn ará ibí ń wọ súwẹ́tà, tí èmi ṣì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara, ni ọkọ mi tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí. Graves ni wọ́n ń pe irú tèmi, láti ara orúkọ Robert Graves, dókítà ará Dublin tó kọ nípa rẹ̀ ní 1835. Wọ́n fún mi ní carbimazole, wọ́n fi propranolol tì í. Ọwọ́ mi dúró, oorun padà, ìbínú náà sì rọlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun. Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé èéfín ni ìwà ni wọ́n ti tọ́ mi, pé ohun tó wà nínú ẹni ló ń rú jáde. Bí ohun tó ń rú jáde lára mi bá wà nínú páálí oògùn, èwo ló kù tí mo lè pè ní tèmi? Bí mo bá ní àìsàn ló pariwo mọ́ àwọn ọmọ yẹn, a jẹ́ pé oògùn ló ń rẹ́rìn-ín sí wọn báyìí. N kò lè di ẹ̀bi ru táírọ́ìdì, kí n wá gba ìyìn fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àgbà oníṣẹ́ abẹ kan dúró rí. Theodor Kocher, ní ìlú Bern ní Switzerland, mọ iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, ìyẹn táírọ́ìdì tó wú, débi pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909. Síbẹ̀, ní 1883, òun fúnra rẹ̀ ló jáde sọ pé àwọn tí òun yọ gbogbo táírọ́ìdì wọn ti ń wú, òtútù ń mú wọn, wọ́n ń lọ́ra, ọpọlọ wọn kò sì já geere mọ́. Ọrùn ti dán, onítọ̀hún ti yàtọ̀. Ní 1891, George Murray ní Newcastle wá rí obìnrin kan tí táírọ́ìdì tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó fún un lábẹ́rẹ́ omi táírọ́ìdì àgùntàn. Obìnrin náà sọjí, ó sì lo ohun tó lé ní ọdún 25 sí i láyé.

Ìgbà tí Iléyá kù díẹ̀, tí àgbò kún ìgboro Sókótó, ni mo ka ìtàn yìí. Lọ́jọ́ ọdún, mo dúró ti alápatà nínú àgbàlá wa, mò ń wo ọ̀fun ẹran. Ohun pupa rúsúrúsú kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí níbẹ̀. Ọmọ alápatà gé e, ó jù ú sí ológbò. Irú nǹkan yẹn ló dá làákàyè obìnrin Newcastle padà fún un.

Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà náà. Agboolé wa ní Ìsẹ́yìn ló ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta, ó sì lè jẹ ẹ̀bà ọkùnrin méjì kí egungun èjìká rẹ̀ ṣì hàn. Ìjà rẹ̀ kì í tán nídìí ẹ̀rọ omi. Kì í sùn lóru. Ó máa ń rìn káàkiri àgbàlá, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń fún obìnrin tó bá ń rìn lóru. Ọkọ rẹ̀ lé e. Lọ́dún kan, ó kó iyùn rẹ̀ wá fún ìyá mi pé kó rà á, owó pọ́ọ́kú ló sì pè é. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé onígẹ̀gẹ̀ fìlẹ̀kẹ̀ dọ́pọ̀. Mo rò pé àwàdà lásán ni, àfi ìgbà tí mo rí ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni sùúrù wá di kékeré lójú mi. Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò mi jáde, ọkọ mi ló ń bẹ̀ mí nítorí gbogbo ìjà ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ìwé pélébé kan sọ mí di aláìsàn, gbogbo ilé sì fi orí jì mí. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà. Orúkọ tí wọ́n fún un ló kú sí. Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà la jọ ṣe: a pariwo, a rù, a kò sùn. Owó àyẹ̀wò ló ya èmi àti òun.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí obìnrin tó ń jà lójú títì, ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ń ṣàṣejù, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n kàn burú ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mìíràn sọ pé iyọ̀ oní-áyódíìnì tí ìjọba ti pàṣẹ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990 ti lé gẹ̀gẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni iyọ̀ náà dín gẹ̀gẹ̀ kù, àmọ́ kò dí Graves lọ́wọ́, torí ọmọ ogun ara ẹni ló ń gbógun ti ẹni nínú tiwa.

Bí ẹ bá ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé, tó ń jẹun tó ń rù, tí ojú rẹ̀ ń yọ, tí kì í rí oorun sùn, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní TSH kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n ń gbà, kò sì gba ààwẹ̀.