Ọmọbìnrin Tí A Fẹ́ Yí Lọ́nà

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọmọbìnrin kan ṣe wòlímọ̀ ní ilé-kéwú wa ní Awo níbí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni ó yàn. Bàbá rẹ̀ wá bá wa, ó ní: “Áfáà, ẹ bá wa dá sí i. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ń fi ọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ kiri?” Àwa náà, kí Ọlọ́hun forí jì wá, a sọ fún ọmọ náà pé kí ó kúkú kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Kò fèsì. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù ni wọ́n dá wa lẹ́kun. Ọ̀kan nínú wọn tí ń ta epo pupa sọ lójú gbogbo wa pé: “Áfáà, ọmọ méjì ni fòníkú-fọ̀ladìde gbà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò kí ẹ tó so yìgì wa. Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ ọ.” Àjọ tí wọ́n dá ni wọ́n fi san owó ìwọlé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a tó gbọ́ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì ti Fásitì Ìbàdàn, tí ó ti pẹ́ lórí ìwádìí àrùn yìí, tí ó sì gba ẹ̀bùn L'Oréal àti UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2001. A tún gbọ́ pé ní 1993, ní Káírò, àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ bí Yúróòpù fi ẹgbẹ́ tiwọn lọ́lẹ̀. OWSD ni orúkọ rẹ̀ lónìí, ó sì ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn ìyá wa kò gbọ́ nípa Káírò rí o, epo ni wọ́n ń tà.

Nígbà tí ọmọ náà bí àkọ́bí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ òru. Obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ni wọ́n ń gba òru rẹ̀ ṣe títí ọmọ fi já lẹ́nu ọmú.

Ní báyìí, a kì í so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS.

Lóṣù tó kọjá, a rán ọmọkùnrin wa àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó na ìwé méjì sí wa. AS. AS.

A kò tíì so yìgì náà.