Akúpẹja

Nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń tẹ̀ lé lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò wọ́pọ̀. Àpótí gíláàsì ńláńlá tí àwọn olówó ń sin ẹja sí ní pálọ̀ ni ó ń tọ́jú. Kì í ṣe ẹja odò o, ẹja òkun ni, pẹ̀lú iyùn tó wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iyùn. Iyùn tí àwa mọ̀ ni èyí tó wà lọ́rùn ọba àti lọ́wọ́ ìyàwó, a sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òkúta ni. Egungun ẹran omi òkun ni. Àwọn ẹran náà kéré púpọ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́ egungun náà. Èyí tó ń gbé inú àpótí kì í ṣe irú tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ewéko tín-ín-tìn-tín sínú ara, ewéko náà sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn wọ́n lára, ebi yóò pa wọ́n.

Ní oṣù Kẹfà, Àlhájà kan ní Lẹ́kí pe ẹ̀gbọ́n mi pé nǹkan pupa kan ti bo iyùn àwọn. Ọmọ wọn ló ra iyùn tuntun, tó sì jù ú sínú àpótí lójú ẹsẹ̀, láì kọ́kọ́ rì í sínú omi oògùn, láì yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó jọ irin tó dógùn-ún. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ó ń rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bíi mìlímítà 5 lọ, ó pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, ìdí rẹ̀ sì là sí ìrù mẹ́ta. Convolutriloba ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í jẹ iyùn. Òun náà gbé ewéko sínú ara, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń wá, ó sì ń bo iyùn mọ́lẹ̀ láti rí i. Kò nílò akọ kó tó bímọ: ọmọ ń hù lára rẹ̀, ó ń já bọ́, ó ń lọ. Ẹyọ kan tó bá wọlé ti tó láti kún àpótí.

Àlhájà ti gbọ́ pé oògùn rẹ̀ wà, òótọ́ sì ni. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ọmọ wọn lórúkọ, àlejò yóò kún pálọ̀.

"Da oògùn sí i, ọmọ mi, kí gbogbo ẹ̀ kú. Ṣebí owó lo fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ba. "Ẹ má bínú, mà. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú lónìí, ẹja yín á bá wọn lọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Aràn yìí ní oró nínú. Bó bá wà láàyè, oró náà kì í sábà yọ ẹja lẹ́nu. Bó bá kú, oró á tú sínú omi. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú omi lítà 400? Kí ẹ tó mọ̀, ẹja á ti máa mí gúlegúle. Nítorí náà, ohun tó ṣe pàtàkì ni iye aràn tó kù kí oògùn tó wọ omi.

Inú Àlhájà kò dùn. Wọ́n ní àwọn á pe ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tó ń wọlé fún ẹ̀gbọ́n mi lóṣù. Nínú ọkọ̀, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò ṣe ṣe ohun tí wọ́n fẹ́?" Ó ní, "Tí wọ́n bá pe ẹlòmíì, owó ni mo pàdánù. Tí mo bá pa ẹja wọn, orúkọ mi ló lọ." Alẹ́ ọjọ́ náà ni Àlhájà pè: "Ẹ máa bọ̀ lọ́la." Ní Sátidé, wọ́n fi àdìrẹ bo àpótí náà, àlejò jẹ, wọ́n mu, ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ọjọ́ mẹ́wàá la fi fà wọ́n jáde. A ó pa pọ́ńpù kí omi lè dákẹ́, a ó wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n sínú báàkẹ́ẹ̀tì bí àwọn tó ń fa epo bẹntiróòlù. Omi tó bá bá wọn jáde, a dà á nù, a sì fi tuntun dípò: gíráàmù 35 iyọ̀ òkun sí lítà kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, tọ́ọ̀ṣì la fi ń wá wọn.

Kí oògùn tó wọlé, gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Omi iyọ̀ tuntun lítà 100, pọ́ńpù afẹ́fẹ́, èédú àkànṣe tó ń fa oró kúrò nínú omi, àti ínfátà tó ti gba iná yó, nítorí ẹ mọ̀ bí iná ìjọba ṣe rí. A da oògùn sí i. Kò pẹ́ tí ìwọ̀nba aràn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, wọ́n ń léfòó bí eérú. Èmi ń fà wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú kúrò lára ẹja. Lẹ́yìn náà, èédú wọlé, a pààrọ̀ omi. Iyùn kan tí aràn ti bò pẹ́ kò yè. Kò sí ẹja kankan tó kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a tún un ṣe nítorí àwọn tó lè ti sá pamọ́.

Mo bi í bóyá kò sí ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́. Ó ní ìgbín òkun kan wà, Chelidonura varians, aràn irú èyí ni oúnjẹ rẹ̀. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ebi á pa òun náà kú.

Àwọn àgbà ti ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ tí mo rí yìí ní iye owó tó lè gbọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ ọ́n kó tó yàn án.

Ó ku orúkọ. "Aràn pẹlẹbẹ" ni mo kọ́kọ́ ń pè é, kí n tó kà á pé àwọn onímọ̀ ti yọ irú rẹ̀ kúrò nínú ẹbí aràn pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì rí, ti ní tirẹ̀: akúpẹja. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ tú u wò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, kú, pa, ẹja. Apẹja ń pẹja láàyè. Èyí ní láti kú ná.