Iná Lọ, Káńfọ̀ Dì

Ara òkúta ni àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin nígbà kan rí máa ń dán títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Kírísítálì tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá mọ́, dídán kò lè gbà á.

Káńfọ̀ ọjà, ìyẹn naphthalene, ni mo fi kọ́ iṣẹ́ kírísítálì ṣíṣe, nítorí 80°C ló ti ń yọ́. Lithium fluoride tí Donald Stockbarger fi ṣe kírísítálì ní MIT ní 1936 ń fẹ́ iná tó lé ní 840°C. Ọ̀nà kan náà ni, Percy Bridgman sì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1925: a ó yọ́ ọ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, a ó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibi gbígbóná sí ibi tútù. Ìdí ló ń kọ́kọ́ dì. Bó ṣe ń dì lọ sókè ló ń ti ẹ̀gbin síwájú. Tó bá dì tán, ẹ gé orí rẹ̀ tó pọ́n dànù, kí ẹ tún ìyókù yọ́.

Sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní mìlímítà kan ní wákàtí kan ti tó. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo, nítorí iná ìlú wa kì í dúró. Bó bá lọ lóru, gbogbo èyí tó kù lókè á dì lẹ́ẹ̀kan náà, á funfun báláú, á sunkì, á sì sán mọ́ ara ìgò. Kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Báttìrì ọkọ̀ ni mo wá fi ń gbé wáyà tó ń mú ìgò gbóná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń ṣe é, nítorí èéfín káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì jẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń fi pákó gba atẹ́gùn lára ìgò.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbin ló ń sá. Thianaphthene, tó máa ń bá naphthalene jáde láti inú ọ̀dà èédú, jọ ọ́ débi pé á wọlé, á sì jókòó sáàárín rẹ̀. Kírísítálì á mọ́ gaara lójú, ẹ̀gbin á sì wà nínú rẹ̀. Tẹmómítà ni mo fi ń dán an wò báyìí: bí èyí tí mo yọ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní 80°C, n kì í fi àtúnyọ́ da ara mi láàmú mọ́. Oníkẹ́míkà ló kàn.