Láti orí kọ̀ǹpútà dé inú àbẹ́là

Mo yà ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú láàárọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ki fóòmù tó gé ní àwòrán bọ inú àbẹ́là gbígbóná, ó ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ funfun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ni ìsọ̀ ní ó ti fi ìyẹn sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Orí kọ̀ǹpútà náà ló ti ya àwòrán fóòmù. WhatsApp ló fi ń tajà! Ìyá ní tiwọn ṣì ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sáṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Mama Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, ńkọ́? Àdìrẹ gbé wọn dé Amẹ́ríkà ní 1974, wọ́n tún padà wá ṣí gálárì sí Lẹ́kkí.

Mo ná ọ̀pá márùn-ún nínú aṣọ Ìyá. Wọn ò dín kọ́bọ̀.