Ẹni Tó Bá Béèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà, Ṣùgbọ́n Ọwọ́ Ta Ni Yóò Ti Béèrè?



Láti ọdún 2020 tí ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí kòrónà ni àwa ti ń ṣe ìbéèrè àti ìdáhùn lórí WhatsApp. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ pọ̀ kì í ṣe ti Bíbélì. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé 5G ló ń fa àrùn yìí?" Àwọn kan ti ń wàásù pé bẹ́ẹ̀ ni. A ní iṣẹ́ wa kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó mọ̀ ọ́n. NCC sì sọ ọ́ gbangba nígbà náà, ní 2020, pé àwọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ 5G ní Nàìjíríà. Ìdánwò oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ni wọ́n ṣe, ó sì ti parí.

Nígbà tí àwọn ará rí i pé a kì í fi orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ bo ohun tí a ò mọ̀, ìbéèrè tó wúwo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kì í ṣe ẹnìkan ló ti bi wá pé: "AS ni mí, AS ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, wọ́n sì ti ríran pé òun ni."

Ẹ wò ó, Rore ò tóbi. Tẹ́ ẹ bá ní "arábìnrin kan tó ń ránṣọ", gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, a máa ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè ká tó gbé ọ̀rọ̀ náà síta, a ó sì yọ gbogbo ohun tó lè tú u fó. Nọ́ọ̀sì la máa ń pè kó dáhùn: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Kì í ṣe pé ọ̀kan á bọ́ sí i, mẹ́ta á wá bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwa yóò sọ ti àdúrà àti ọgbọ́n.

Ẹnìkan bínú pé, "Ṣé ẹ ò nígbàgbọ́ ni?" A ò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, a ò sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn ará Bèríà ń yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò nínú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́, ìyìn ni wọ́n gbà, wọn ò gba ìbáwí. Tí wọ́n bá lè yẹ Pọ́ọ̀lù wò, ta ni àwa?

Ohun tí a ò bá mọ̀, a ó dá ọjọ́ fún un. Tọ́jọ́ bá pé, a ó padà wá, ì báà jẹ́ láti sọ pé a ò tíì rí i. Àdéhùn kékeré tí a mú ṣẹ ló ń jẹ́ kí èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ ńlá tọ̀ wá wá.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Ìdáhùn wa lè di ìgbéyàwó, ó lè di ọmọ tí yóò máa jẹ̀rora. Olúwa kò ní jẹ́ ká ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àmín.