Apá Tó Ká

Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí wọ́n bá tì tí ò tì wọ́n padà, ojo ni. Ẹ̀kọ́ tí mo gbé dé ìdí tai chi nìyẹn, níbi tí mo ti ń kọ́ tuī shǒu báyìí, ìyẹn ká máa fọwọ́ ti ara wa.

Èèyàn méjì á kojú síra, ọwọ́ á kan ọwọ́, á máa lọ síwá sẹ́yìn bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ ata. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá yẹ̀ ló fìdí rẹmi. Ìṣe mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ ẹ̀: péng, lǚ, jǐ àti àn. Lǚ ló le jù fún mi. Bí wọ́n bá tì ẹ́, o ò ní dúró gbọn-in, o ò sì ní sá. Wàá yí ìbàdí, kí agbára náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Apá mi ò fẹ́ gbà. Bó bá ti le báyìí, ẹnìkejì mi, ọmọbìnrin tí ò sanra tó mi, á kàn fi apá ọ̀hún tì mí kúrò lójú kan. Zheng Manqing, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará New York ní tai chi ní 1964, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbà láti máa pàdánù. Háà! Bí mo bá tẹ̀, kí ló wá kù nínú mi?

Àwọn àgbà wa ṣáà ní bí apá ò bá ṣeé ṣán, ńṣe là ń ká a lórí. Àwọn kan ń gbọ́ ìtìjú nínú òwe yẹn. Èmi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Apá tó ká, tèmi ni. Èyí tó le, ó ti di ọ̀pá lọ́wọ́ ẹlòmíì.