Ara Bíbalẹ̀ Ni Oògùn Ìdánwò

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Orí èmi fúnra mi ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ìdánwò kò bá dẹ́rù bà rí, kí ó ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, mo fi ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì Yorùbá ṣeré títí ìdánwò fi ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà náà ni mo wá gbé ìwé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo ń jẹ orógbó lóru kí oorun má baà kùn mí. Nígbà tí orógbó kò ká oorun mọ́, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi tútù. Òru mẹ́ta gbáko ni n kò fi ojú kan oorun. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ayékòótọ́: kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ́lì àìránmúpè 7, ohùn 3, àrańmọ́, ìpajẹ.

Nígbà tí mo jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ìbéèrè kìíní ní kí a ṣàlàyé àrańmọ́ àti ìpajẹ fáwẹ́lì. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí n kọ sábẹ́ èkíní ni mo kọ sábẹ́ èkejì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí n tó rántí. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo fìdí rẹmi. Ìyá mi tí wọ́n ta aṣọ wọn kí wọ́n tó rí owó ẹ̀kọ́ mi san kò bá mi wí rárá. Ìdákẹ́ wọn yẹn ni ó dùn mí jù. Mo ní láti tún ìdánwò náà ṣe ní ọdún kejì, ẹ̀rù sì bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní àkókò ìsinmi, mo lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi, ahunṣọ ni wọ́n. Ìwé kò kúrò lọ́wọ́ mi, kódà nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, òwú ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo sáré fà á, ó já. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọkọ mi, a kì í fi ipá fa òwú tí ó ta kókó. Jókòó, kí o wá orí rẹ̀." Wọ́n sì ń tú ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Kò pẹ́ ni ọmọ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní, "Gbọ́mọ yẹn wá kí n pọ̀n ọ́n." Mo dúró sójú kan. Gbé ọmọ ti di gbọ́mọ! Fáwẹ́lì "é" ti lọ, ohùn òkè rẹ̀ sì ti bọ́ sórí "ọ". Ìpajẹ nìyẹn, lẹ́nu ẹni tí kò wọ iléèwé rí. Iléèwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yìí ńkọ́? Ilé ìwé ni. "Ì" ti yí padà di "è" nítorí "é" tí ó ṣáájú rẹ̀. Àrańmọ́ nìyẹn. Ohun tí ó ń lé oorun lójú mi, ẹnu mi ni ó ti ń gbé láti kékeré.

Láti ọjọ́ náà, mo pín iṣẹ́ mi wẹ́wẹ́. Mo ń kàwé ní ìdájí, n ó pa ìwé dé, n ó sì sọ ohun tí mo kà sókè fún ara mi. Alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, mo pa ìwé dé ní aago mẹ́sàn-án, mo sùn fọnfọn. Àyà mi tún lù díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, n kò ní purọ́. Mo rántí òwú, mo ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo wá orí rẹ̀. Mo yege.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀lẹ o. Oorun nìkan kò gba ìdánwò fún ẹnìkan rí. Ẹni tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ni ara rẹ̀ lè balẹ̀. A ó ṣe é ní àṣeyọrí o. Àṣẹ.